Kí Ẹ Tó Sanwó Barbados

Ẹ̀yin ọmọ mi,

Ìwé ìpolówó òtẹ́ẹ̀lì tí ẹ fi ránṣẹ́ ti dé ọwọ́ mi, mo sì ti kà á láti ewé kìíní dé ìparí. Ibẹ̀ rẹwà, n kò lè purọ́. Adágún ìwẹ̀ mẹ́ta, ilé oúnjẹ márùn-ún, ọtí tí kì í tán, gbogbo rẹ̀ nínú owó kan ṣoṣo tí ẹ máa san kí ẹ tó kúrò nílé. Ohun tí n kò rí nínú ìwé náà ni Barbados fúnra rẹ̀. Bí ẹnì kan bá pa orúkọ erékùṣù náà rẹ́, tó fi Tenerife tàbí Dubai sí i, kò sí ọ̀rọ̀ mìíràn tó máa yí padà níbẹ̀. Ẹ wá fẹ́ fi òógùn ọdún kan gbáko ra ìsinmi sínú ọgbà olódi.

Ọwọ́ yín ni ìpinnu wà, ẹ ti dàgbà. Ṣùgbọ́n ẹ bi mí léèrè, n ó sì dáhùn. Ẹ wá ibi tí ẹ ó máa sùn, ẹ má wá ibi tí ẹ kò ní jáde nínú rẹ̀. Erékùṣù náà wà níta géètì.

Kì í ṣe inú ìwé ni mo ti kọ́ ohun tí mò ń sọ yìí. Nígbà tí mo ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Lọ́ńdọ́nù, àwọn ọmọ Barbados ni mo bá ní wọ́ọ̀dù, àwọn tí òbí wọn wá sí Ìlú Ọba nígbà tí iléeṣẹ́ London Transport bẹ̀rẹ̀ sí gba òṣìṣẹ́ tààrà láti erékùṣù wọn ní 1956, kí wọ́n wá ṣiṣẹ́ nínú bọ́ọ̀sì, kí wọ́n wá já tíkẹ́ẹ̀tì. Àwọn ọ̀rẹ́ mi wọ̀nyí ni wọ́n mú mi lọ sílé ẹbí wọn ní Barbados. Ọ̀nà tí èèyàn bá kọ́kọ́ gbà wọ ìlú, òun ló máa ń fi ojú rẹ̀ wo ìlú náà títí. Ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé, níbi tí wọ́n ti ń ha ẹja, ni èmi gbà wọlé.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ ṣe kò ná yín ní kọ́bọ̀. Ẹ jókòó, ẹ̀yin méjèèjì, láìsí fóònù lọ́wọ́, kí oníkálukú sọ ohun tó ń wá lọ. Ìwọ ọmọ mi, mo mọ̀ ẹ́. O kò lè jókòó sójú kan fún wákàtí méjì. Wàá fẹ́ mọ ẹni tó kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì, ẹni tí wọ́n sin síbẹ̀, àti iye tí wọ́n ń ta elégédé lọ́jà. Àna mi ní tiwọn ti ṣiṣẹ́ òru títí, oorun àti omi ni wọ́n ń wá. Kò sí èyí tó burú nínú méjèèjì, àmọ́ tí ẹ kò bá sọ ọ́ nílé, etíkun ni ẹ ó ti máa jà sí i. Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ: ohun tí ẹ ń wá ni yóò sọ oṣù tí ẹ ó lọ, apá ibi tí ẹ ó sùn sí, àti iye tí ẹ ó ná.

Barbados kò tóbi. Gígùn rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà 34, ìbú rẹ̀ 23. Ẹni tó bá rí i lórí máàpù á rò pé ibi yòówù kí òun sùn, ọ̀kan náà ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Òkun tó wà ní ìwọ̀-oòrùn rẹ̀ àti èyí tó wà ní ìlà-oòrùn, ìwà wọn kò jọra rárá. Ní ìwọ̀-oòrùn, láti òkè Bridgetown títí dé Holetown àti Speightstown, omi Kàríbíánì pa rọ́rọ́, ọmọdé lè jókòó sí etí rẹ̀ kó máa fi ọwọ́ bomi ṣeré. Àwọn olówó ayé ti kọ́lé sí gbogbo etí omi yẹn, òtẹ́ẹ̀lì ibẹ̀ ló sì wọ́n jù. Ní gúúsù, ní àgbègbè tí wọ́n ń pè ní Christ Church, ìgbì bẹ̀rẹ̀ sí ní agbára díẹ̀. Etíkun kan tiẹ̀ wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Accra, ẹ ó rí i. Apá ibẹ̀ ni òtẹ́ẹ̀lì kéékèèké àti ilé tí èèyàn lè háyà pẹ̀lú kíṣìnì pọ̀ sí, bọ́ọ̀sì kì í sì í wọ́n lójú ọ̀nà wọn.

Ìlà-oòrùn ni ọ̀rọ̀ wà. Ní Bathsheba, kò sí ilẹ̀ ńlá kankan láàárín yín àti Áfíríkà. Ìgbì Àtìláńtíìkì ti fi gbogbo ọ̀nà yẹn kó agbára jọ kó tó dé, ó sì ń bọ́ lu àwọn àpáta ràgàjì tó dúró sínú omi bíi pé ó ní ẹjọ́ bá wọn rò. Àwọn tó ń fi pákó gun ìgbì ń ti ìlú jíjìn wá síbi tí wọ́n ń pè ní Soup Bowl. Òkun kì í hó ruru ká wà á ruru. Ẹ lọ wò ó, ẹ lo odindi ọjọ́ kan níbẹ̀, ẹ jókòó sínú àwọn ihò omi láàárín àpáta nígbà tí òkun bá fà sẹ́yìn, àmọ́ ẹ má lúwẹ̀ẹ́. Àna mi, mo gbọ́ pé ẹ máa ń lúwẹ̀ẹ́ ní Bar Beach nígbà èwe. Ìyẹn ò kan Bathsheba.

Tí ẹ bá fẹ́ gbọ́ tèmi, gúúsù ni kí ẹ sùn. Ẹ máa wọ bọ́ọ̀sì lọ sí ìwọ̀-oòrùn tí ẹ bá fẹ́ omi tó dákẹ́, ẹ sì máa padà wá jẹun alẹ́ ní gúúsù. Gbogbo etíkun Barbados pátá, ti ará ìlú ni. Òtẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ń san owó gọbọi fún lálaalẹ́ kò lè lé yín kúrò lórí iyanrìn iwájú rẹ̀. Àga àti agbòjò ni tiwọn; ẹ tẹ́ aṣọ yín sílẹ̀, kí ẹ jókòó. Ọ̀nà tóóró máa ń wà láàárín ilé àwọn olówó tí ará ìlú ń gbà dé omi. Ẹ wo ibi tí ìyá arúgbó tó gbé garawa lọ́wọ́ bá ń gbà, kí ẹ tẹ̀ lé e.

Ní ti oṣù, láàárín oṣù Kejìlá sí oṣù Kẹrin ni ojú ọjọ́ dára jù níbẹ̀, òjò kò pọ̀, afẹ́fẹ́ tutù díẹ̀. Àkókò náà ni gbogbo òyìnbó ń sá fún òtútù, nítorí náà owó gbogbo nǹkan lọ sókè. Láti oṣù Kẹfà títí di òpin oṣù Kọkànlá ni àkókò ìjì líle. Barbados wà ní ìlà-oòrùn jìnnà sí ọ̀pọ̀ àwọn erékùṣù yòókù, ìjì sì sábà máa ń gba àríwá rẹ̀ kọjá, àmọ́ èèyàn kì í fi ìyẹn ṣe ààbò. Ìjì Elsa jà níbẹ̀ ní 2021. Beryl gba gúúsù kọjá ní oṣù Keje ọdún 2024, ó sì fọ́ ọ̀pọ̀ ọkọ̀ àwọn apẹja túútúú. Tí ẹ bá máa lọ ní àwọn oṣù yẹn nítorí owó tó wálẹ̀, ẹ ra ìdójútòfò ìrìnàjò lọ́jọ́ tí ẹ bá ra tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ má dúró dìgbà tí wọ́n bá ti sọ ìjì lórúkọ. Nǹkan kan tún wà tí ìwé ìpolówó kì í sọ: láti 2011 ni koríko òkun kan tí wọ́n ń pè ní sargassum ti ń ya wọ apá ìlà-oòrùn àti gúúsù lọ́dọọdún, pàápàá láti bí oṣù Kẹta sí oṣù Kẹjọ. Tó bá jẹrà sí etíkun, òórùn rẹ̀ bí ẹyin tó ti bàjẹ́ ni. Ọjọ́ míì kò sí rárá, ọjọ́ míì ó bo iyanrìn. Ìwọ̀-oòrùn kì í sábà rí i. Ẹni tó bá ń sùn ní gúúsù lè wọkọ̀ lọ síbòmíràn ní ọjọ́ tó bá dé; ẹni tó ti sanwó gbogbo oúnjẹ sí òtẹ́ẹ̀lì kan á jókòó tì í.

Tí ijó bá wà lára yín, ọjọ́ Ajé àkọ́kọ́ nínú oṣù Kẹjọ ni wọ́n ń parí ọdún Crop Over. Ọdún ìkórè ìrèké ni tẹ́lẹ̀, kó tó parẹ́, kí wọ́n tó tún gbé e dìde ní 1974. Ariwo rẹ̀ kì í ṣe fún ẹni tó ń wá oorun.

Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ owó. Àwọn baba wa ní ojú àlejò la ti ń jẹ gbèsè, ẹ̀yìn rẹ̀ là ń san án. Lásìkò tiyín yìí, àlejò gan-an ló ń jẹ gbèsè. Mo mọ àwọn tó yá owó lọ sí etíkun, tí àwòrán wọn dára, tí wọ́n sì ń san èlé rẹ̀ títí ọdún fi yí po. Tí ẹ kò bá lè kó owó rẹ̀ jọ ní oṣù mẹ́wàá, ẹ sún un síwájú. Barbados ò lọ síbì kankan. Ẹ pín owó náà sí méjì kí ẹ tó wo òtẹ́ẹ̀lì kankan: tíkẹ́ẹ̀tì àti ibùsùn ní ọ̀kan, ohun tí ẹ ó jẹ àti ibi tí ẹ ó lọ ní èkejì. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń ná ti kìíní títí kò fi ní ku nǹkan kan fún èkejì, wọ́n á wá sọ pé kò sí nǹkan láti ṣe níbẹ̀.

Oríṣi dọ́là méjì ló wà lẹ́nu wọn. Dọ́là Barbados méjì ni wọ́n so mọ́ dọ́là Amẹ́ríkà kan láti 1975, wọn kò sì yí i padà. Wọ́n ń gba méjèèjì, àmì kan náà ni wọ́n sì ń kọ síwájú owó. Ẹ máa béèrè, "Ti ibo ni?", kí ẹ tó wọ takisí, kí ẹ tó gun ọkọ̀ ojú omi. Ìdáhùn yẹn lè sọ owó di ìlọ́po méjì. Takisí wọn kò ní ẹ̀rọ tó ń ka owó, nítorí náà ẹ dá owó kí ẹ tó wọlé. Nílé oúnjẹ, ẹ wo ìsàlẹ̀ bíìlì: ọ̀pọ̀ wọn ti fi owó iṣẹ́ sí i, kò yẹ kí ẹ tún fún wọn ní ìlọ́po rẹ̀ nítorí ojú tì yín.

Bọ́ọ̀sì ni kí ẹ wọ̀. Dọ́là wọn mẹ́ta àti ààbọ̀ ni owó rẹ̀, ì báà jẹ́ ibùdókọ̀ kan lẹ ń lọ, ì báà jẹ́ òpin erékùṣù. Irú mẹ́ta ló wà. Ti ìjọba jẹ́ aláwọ̀ búlúù, ẹ mú ṣéńjì tó pé dání nítorí wọn kì í fún èèyàn ní ṣéńjì. Aláwọ̀ yẹ́lò jẹ́ ti aládàáni, orin ibẹ̀ ò ní jẹ́ kí ẹ gbọ́rọ̀ ara yín. Ẹ̀kẹta ni àwọn funfun kéékèèké tí lẹ́tà ZR wà lára nọ́ńbà wọn. Ẹ̀yin tí ẹ ti wọ dáńfó ní Ọ̀ṣọ́dì kò nílò àlàyé kankan lórí ìyẹn. Pátákó ibùdókọ̀ á sọ fún yín bóyá ọkọ̀ ń wọ Bridgetown tàbí ó ń jáde kúrò níbẹ̀. Ìyẹn nìkan ti tó láti mọ ẹ̀gbẹ́ títì tí ẹ ó dúró sí. Tí ẹ bá sì gòkè sínú ọkọ̀, ẹ kí èèyàn. Wọn ò ní sọ nǹkan kan tí ẹ kò bá kí wọn, àmọ́ wọ́n á ti mọ irú ọmọ tí ẹ jẹ́. Bákan náà, aṣọ ìwẹ̀ kì í wọ ṣọ́ọ̀bù. Èyí kò yẹ kó ṣòro fún ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé.

Tí ẹ bá fẹ́ háyà mọ́tò fún ọjọ́ kan, ọwọ́ òsì ni wọ́n ń gbà bíi ti Ìlú Ọba, ẹni tó ń yá yín ní mọ́tò yóò gba ìwé àṣẹ ìwakọ̀ onígbà díẹ̀ fún yín. Ọjọ́ Bathsheba ni kí ẹ fi í ṣe. Ọ̀nà àárín erékùṣù rí tẹ́ẹ́rẹ́, ìrèké sì lè bo kọ́nà mọ́ yín lójú, ẹ rọra.

Oúnjẹ wá kàn. Èmi ò mọ ohun tí èèyàn ń wá ní ilé oúnjẹ àwọn ará Ítálì nínú òtẹ́ẹ̀lì Barbados. Oúnjẹ ìlú wọn gan-an ni cou-cou pẹ̀lú ẹja tó ń fò. Ìyẹ̀fun àgbàdo ni wọ́n ń rò pọ̀ mọ́ ilá àti omi ilá, igi pẹlẹbẹ kan ni wọ́n fi ń rò ó, ẹni tó bá ti di omorogùn mú rí á mọ igi náà lójú ẹsẹ̀. Ó máa ń dán, ó máa ń yọ̀ lọ́nà ọ̀fun, wọn á wá bu ọbẹ̀ ẹja lé e lórí. Ẹja náà wà lára owó dọ́là kan wọn, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ tó. Kì í pọ̀ lọ́jà bíi ti àtijọ́ mọ́, nítorí náà tí ẹ bá rí i tó tútù, ẹ má rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Nílé àwọn èèyàn, ọjọ́ Jímọ́ àti ọjọ́ Àbámẹ́ta ni wọ́n sábà máa ń se cou-cou. Ọjọ́ Àbámẹ́ta náà ni ti pudding and souse: ọ̀dùnkún tí wọ́n rin, tí wọ́n fi èròjà sí, tí wọ́n sè, pẹ̀lú ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n rẹ sínú omi ọsàn wẹ́wẹ́, kùkúńbà àti ata. Ẹni tí kò bá jẹ ẹlẹ́dẹ̀ kó béèrè ohun tó wà nínú àwo kó tó bù ú.

Alẹ́ Jímọ́, Oistins. Ọjà ẹja ni lọ́sàn-án, ibẹ̀ ni àwọn apẹja gúúsù ń gbé ẹja wọn wá. Tó bá di alẹ́ Jímọ́, èéfín á gba gbogbo ibẹ̀, ìsọ̀ lóríṣiríṣi á máa yan ẹja, àwọn àgbàlagbà á máa jó orin àtijọ́ ní apá kan, àwọn ọmọ wọn á máa jó ti ìsinsìnyí ní apá kejì. Ẹ tètè dé, kí ẹ tò síbi tí ìlà bá ti gùn jù tó sì jẹ́ pé ará ìlú ló pọ̀ níbẹ̀. Tí wọ́n bá ní dolphin ni àwọn ń yan, ẹ má bẹ̀rù. Ẹja lásán ni, ẹni tó ń ta ẹja ní Lọ́ńdọ́nù ń pè é ní mahi-mahi. Ẹ jẹ ẹ́ pẹ̀lú makaróònì tí wọ́n fi wàrà kásì sè nínú ààrò àti bẹ̀rẹ̀fútù. Ọjọ́ Jímọ́ yẹn nìkan, tí ẹ kò bá ṣe ohun mìíràn, ó sàn ju ilé oúnjẹ márààrún inú ìwé yẹn lọ.

Tó bá jẹ́ oṣù Kọkànlá lẹ lọ, oṣù òmìnira wọn nìyẹn. Ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù náà ní 1966 ni wọ́n gba òmìnira, ọjọ́ yẹn gan-an ní 2021 ni wọ́n sì yọ ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì kúrò lórí oyè wọn, tí wọ́n di orílẹ̀-èdè olómìnira tó ní ààrẹ tirẹ̀. Conkies ni wọ́n ń jẹ lásìkò náà. Ìyẹ̀fun àgbàdo, àgbọn, elégédé, ọ̀dùnkún àti ṣúgà ni wọ́n ń pò pọ̀, wọ́n á pọ́n ọn sínú ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, wọ́n á sì fi ooru omi sè é. Ẹ tú ewé náà kí ẹ gbóòórùn rẹ̀. Mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀.

Ìrìn àjò kúkurú inú erékùṣù ni wọ́n máa ń fi gba owó lọ́wọ́ àlejò jù. Ẹ má kó gbogbo rẹ̀ jọ. Ìrìn ńlá mẹ́ta ti tó fún ọ̀sẹ̀ kan, kí ọjọ́ òfìfo wà láàárín wọn. Ihò Harrison ní St Thomas dára: wọ́n á fi ọkọ̀ kékeré gbé yín wọ inú ilẹ̀, níbi tí omi ti ń kán láti òkè òkúta ẹfun láti ayébáyé. Ẹ lọ ní àárọ̀, ẹ padà. Ọkọ̀ ojú omi tó ń gbé èèyàn lọ wo ìjàpá òkun náà dára. Àwọn ọkọ̀ tó rì wà lábẹ́ omi Carlisle Bay, ẹ ó fi awò wò wọ́n. Ẹ má fọwọ́ kan ìjàpá náà, bó ti wù kí ẹni tó ń wa ọkọ̀ ní kò sí nǹkan tó burú níbẹ̀. Kí ẹ tó yan ọjọ́, ẹ wo àtòjọ àwọn ọkọ̀ ojú omi ńláńlá tó ń bọ̀ ní èbúté Bridgetown. Lọ́jọ́ tí mẹ́ta tàbí mẹ́rin bá dé pọ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún àlejò á ti kún ihò náà àti etíkun náà kí ẹ tó jí.

Èyí tí mo fẹ́ kí ẹ má fò ni Newton, ní Christ Church, kò jìnnà sí pápá ọkọ̀ òfuurufú. Kò sí nǹkan láti yà ní àwòrán níbẹ̀. Pápá koríko ni, ó dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ oko ìrèké. Àwọn ẹrú oko náà ni wọ́n sin síbẹ̀, wọ́n fojú bù ú sí nǹkan bí 570, láìsí òkúta kan tó ní orúkọ. Nígbà tí àwọn onímọ̀ ìwalẹ̀ gbẹ́ apá kan rẹ̀ ní àwọn ọdún 1970, wọ́n rí ọkùnrin kan tí wọ́n sin pẹ̀lú ẹ̀gbà ọwọ́, pẹ̀lú ìkòkò tábà tí kì í ṣe ti òyìnbó, àti ẹ̀gbà ọrùn tí wọ́n fi owó ẹyọ, eyín ajá, eegun ẹja àti ìlẹ̀kẹ̀ pupa kan sín pọ̀. Àwọn ọ̀mọ̀wé náà ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ oníṣègùn. Ẹ rò ó wò: àwọn ẹrú bíi tirẹ̀, tí wọn kò ní nǹkan kan láyé, ló sin ín pẹ̀lú ohun iyebíye wọ̀nyẹn dípò kí wọ́n pín in. Wọ́n mọ ẹni tó jẹ́. Ẹ béèrè bóyá ibẹ̀ ṣí sílẹ̀ kí ẹ tó lọ, nítorí ìjọba ti kéde ní 2021 pé àwọn fẹ́ kọ́ ibi ìrántí síbẹ̀.

Ẹ tún lọ wo oríta roboto Haggatt Hall. Ère ọkùnrin kan tó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè pẹ̀lú ẹ̀wọ̀n tó ti já ló wà láàárín rẹ̀. Karl Broodhagen ló gbẹ́ ẹ, 1985 ni wọ́n ṣí i. Ìjọba pè é ní ère ìdáǹdè, ará ìlú ń pè é ní Bussa, orúkọ ọmọ Áfíríkà tó léwájú nígbà tí àwọn ẹrú dìde ní ọjọ́ Àjíǹde, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹrin 1816. Ojú ogun ni Bussa kú sí. Ó tó ọdún méjìdínlógún lẹ́yìn náà kí òfin tó fòpin sí oko ẹrú, ó sì tún ku ọdún mẹ́rin tí wọ́n fi dá wọn dúró sẹ́nu iṣẹ́ kan náà. Tí ẹ bá wá lọ sí St Nicholas Abbey ní àríwá, tí ẹ rí ilé olókùúta tí wọ́n kọ́ láti àárín ọgọ́rùn-ún ọdún kẹtàdínlógún, tí wọ́n sì fún yín ní ọtí ìrèké tọ́ wò, ilé náà á rẹwà lójú yín, ẹ ó sì mọ ẹni tó gé ìrèké rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan fún ìwọ tó o fẹ́ràn ìwádìí: má lọ máa wá Ṣàngó kiri Barbados. Wọ́n ti kó ọ̀pọ̀ àwọn baba ńlá wọn débẹ̀ tipẹ́tipẹ́ kí ogun tó tú Ọ̀yọ́ ká. Cuba, Brazil àti Trinidad ni tiwa pọ̀ sí. Jẹ́ kí àwọn wọ̀nyí sọ ìtàn tiwọn fún ẹ, má sọ ọ́ di tiwa.

Ẹ ní ẹ̀gbọ́n mi, ìyá yín, ń bọ̀ láti Ìbàdàn, wọ́n sì fẹ́ bá yín lọ. Ó dùn mọ́ mi, àmọ́ ó yí ètò padà. Barbados kì í béèrè físà lọ́wọ́ ọmọ Nàìjíríà tó bá wá ṣe àbẹ̀wò. Físà Ìlú Ọba wọn ni kí ẹ wò dáadáa, kó jẹ́ èyí tó gbà wọ́n láyè láti tún padà wọlé. Ẹ tún gbogbo rẹ̀ yẹ̀ wò lọ́dọ̀ iléeṣẹ́ aṣojú ìjọba kí ẹ tó sanwó, òfin a máa yí. Káàdì yẹ́lò abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ wọn kò gbọ́dọ̀ gbélé. Ọkọ̀ òfuurufú láti Lọ́ńdọ́nù tó nǹkan bíi wákàtí mẹ́sàn-án. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa dìde rìn. Fún wọn, apá ìwọ̀-oòrùn ló dára, níbi tí omi ti dákẹ́ tí wọn ò sì ní gun àtẹ̀gùn. Tó bá jẹ́ nítorí tiwọn lẹ fi fẹ́ san òtẹ́ẹ̀lì olóúnjẹ yẹn fún ọjọ́ bíi mẹ́ta, n kò ní bá yín jiyàn, ìyá yín ti dáná tó láyé yìí. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta náà, ẹ kó lọ sí gúúsù.

Àwọn nǹkan kéékèèké ló kù. Ẹ yọ ṣòkòtò sójà ọmọ yín kúrò nínú ẹrù. Ní Barbados, ẹ̀ṣẹ̀ ni kí ẹni tí kì í ṣe sójà wọ aṣọ alámì tó jọ ti sójà, kò yọ ọmọdé sílẹ̀, kò sì yọ báàgì tàbí fìlà. Ihò iná wọn jẹ́ ti Amẹ́ríkà, ẹ mú àdápítọ̀ tó bá a mu. Omi ẹ̀rọ wọn ṣeé mu, òkúta ẹfun ló ń sẹ́ ẹ lábẹ́ ilẹ̀. Ẹ má fi owó ra omi inú ike. Òòrùn tètè ń wọ̀ níbẹ̀ bíi tilé, ní bí agogo mẹ́fà ilẹ̀ ti ń ṣú, ẹ má ṣètò ọjọ́ yín bíi ti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn Lọ́ńdọ́nù. Igi kan wà ní etíkun tí èso rẹ̀ jọ ápù kékeré, manchineel ni wọ́n ń pè é. Májèlé ni láti ewé dé gbòǹgbò. Wọ́n máa ń fi ọ̀dà pupa yí ìdí ọ̀pọ̀ nínú wọn ká. Tí òjò bá dé, ẹ jẹ́ kó pa yín, ẹ má sá sábẹ́ rẹ̀. Omi tó bá kán láti ara ewé rẹ̀ ń bó ara.

Ata wọn kò ní já yín kulẹ̀. Wọ́n ń lọ̀ ọ́ pọ̀ mọ́ mọ́sítáàdì, àwọ̀ rẹ̀ pọ́n bí epo tuntun, ó sì ta. Ẹ ra ìgò mẹ́rin bọ̀ fún mi ní súpámákẹ́ẹ̀tì ará ìlú, ẹ má rà á ní pápá ọkọ̀ òfuurufú níbi tí owó rẹ̀ ti le. Inú àpótí ńlá ni kí ẹ kó o sí, ẹ fi aṣọ wé e, wọn ò ní jẹ́ kí ẹ gbé e lọ́wọ́ wọ ọkọ̀.